Èmi ni mo kọ́ ẹ̀rọ pé ẹni tí kò bá kíni lọ́nà, onífàyàwọ́ ni

Bí mo ṣe kọ ọ́ sókè yẹn náà ló rí, mi ò ní yí i po. Ẹ̀yin ará pèéjì yìí, pàápàá ẹ̀yin àgbà tó wà láàrín wa, ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò kó tó di ọjọ́ Ẹtì, torí ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ifangni níbí ni mo wà, nílẹ̀ Benin, lápá Lagbé. Mi ò kàwé púpọ̀, CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni mo dé kí bàbá mi tó ní kí n wá bá òun ro oko ẹ̀gẹ́, torí náà tí ìwé mi bá wọ́, ẹ fi ara dà á fún mi.

Ọdún tó kọjá ni àwọn kan gbé mọ́tò méjì wá, wọ́n pa àgọ́ sí ẹ̀yìn oko ọ̀pẹ kan. Wọ́n ní iléeṣẹ́ ìwádìí ni àwọn, pé ohun tí àwọn ológun àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè á máa fi ríran nínú igbó ni àwọn ń ṣe. Wọ́n ń wá ẹni tó mọ gbogbo ọ̀nà ẹsẹ̀ tó já sí Nàìjíríà, wọ́n sì mú mi. Ọ̀gá wọn, patron la máa ń pè é, kì í ṣe èèyàn burúkú o, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Búrẹ́dì kan náà la jọ máa ń bù jẹ lọ́sàn-án. Òun ló sọ fún mi bí iléeṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Òun àti àbúrò rẹ̀ ni, lẹ́yìnkùlé ìyá wọn, wọ́n ṣe drone kékeré kan tó ń fò lórí oko òwú láti wá kòkòrò. Wọ́n gbé e kiri ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ pàtẹ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n padà sóko wọn, ẹnikẹ́ni ò rà á. Ó sú àbúrò rẹ̀, ó lọ ń wa takisí lókè òkun. Ìgbà tó ku òun nìkan ni ọ̀gá ológun kan wá wò ó, ó ní ohun tó lè rí kòkòrò lábẹ́ ewé òwú, ṣé kò ní rí èèyàn lábẹ́ igi ni? Patron ní ìbéèrè yẹn ló bí iléeṣẹ́ àwọn.

Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyí. Tí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, drone á gòkè. Nílẹ̀ náà, a ti ri àwọn nǹkan pẹlẹbẹ bí agolo sàdíìnì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń rí èèyàn, kò kàn mọ ẹni tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ni. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà wa, gbogbo èèyàn ló ń gbé bidon, kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè yẹn, epo pupa ni o, omi ni o, sódábì tí ẹlòmíì ń pè ní ògógóró ni o, bẹ́ńsìnnì fàyàwọ́ ni o, bidon kan náà ni! Ó sú patron. Ó wá bi mí lọ́jọ́ kan pé, bon, ẹ̀yin ará ibí fúnra yín ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń dá onífàyàwọ́ mọ̀? Mo rò ó... mo ní ìkíni ni, patron. Mo ní níbí, èèyàn méjì ò lè pàdé lọ́nà oko kí wọ́n má dúró, ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú oko, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, èyí àbúrò á dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Àmọ́ ẹni tó gbé bẹ́ńsìnnì á dorí kodò, á kọjá fìrì bí ẹni tí ajá ń lé.

Ẹ wò ó, ọkùnrin yẹn fò sókè ni! Voilà, voilà, ó ń gbá mi lẹ́yìn. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè mí ní professeur. Èmi tí mo dúró ní CM2. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń fi àwòrán hàn mí. Èèyàn méjì pàdé, wọ́n dúró, ẹnì kan tẹ̀ ba, mo tẹ àwọ̀ ewé. Wọ́n pàdé, wọn ò dúró, mo tẹ pupa. Ọjọ́ lọ, ọjọ́ bọ̀, títí ẹ̀rọ fi mọ̀ ọ́n tẹ̀ fúnra rẹ̀, tí mo kàn ń wò ó.

Ohun tí mi ò sọ fún patron ni ọ̀rọ̀ omi àfàárọ̀pọn. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n. Omi tí èèyàn ń lọ pọn lódò láàárọ̀ kùtù fún aláìsàn tàbí aboyún, tí kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí á fi délé, torí tó bá lanu, omi ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ náà á yà fún un, kò ní kí i. Ìkòkò ni wọ́n fi ń pọn ọ́n tẹ́lẹ̀, bidon ni báyìí. Ìyá mi pọn ọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣé mo gbàgbé ni? Àbí mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi ní “àmọ́” nínú? Mi ò mọ̀. Mo ń bi ara mi lójoojúmọ́.

Àwọn ọ̀gá ológun wá lọ́jọ́ kan láti wo ẹ̀rọ kí wọ́n tó rà á. Gbogbo wa wà nínú àgọ́, ojú wa ń bẹ lára kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin kan yọ lọ́nà odò pẹ̀lú bidon lórí. Obìnrin kan ń bọ̀ níwájú rẹ̀, ó yà sínú koríko, ó dúró jẹ́ẹ́ títí ọkùnrin náà fi kọjá. Wọn ò kí ara wọn. Ẹ̀rọ fi pupa sí i lórí. Mo sì mọ ẹni náà, ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ̀ ọ́n! Bàbá kan tó ń kọ ọ̀pẹ ládùúgbò wa ni, màá pè wọ́n ní Bàbá Ọ̀kọpẹ. Wọ́n já bọ́ lórí ọ̀pẹ rí, ẹsẹ̀ òsì wọn máa ń yà síta tí wọ́n bá ń rìn, láti òkè pàápàá ó hàn. Mo mọ̀ pé ọmọ wọn obìnrin lóyún, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Patron yíjú sí mi níwájú àwọn àlejò, ó ní professeur, ṣé o mọ ẹni yìí? Ẹnu mi kàn sọ pé rárá.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbé ọ̀kadà lọ bá wọn. Wọ́n ní kí Bàbá sọ̀rọ̀, Bàbá ò sọ̀rọ̀. Bàbá nawọ́ sí bidon, wọ́n fọwọ́ júwe ikùn aboyún, àwọn ẹ̀ṣọ́ rò pé Bàbá ń fi àwọn ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ẹ̀ṣọ́ kan fi ìdí ìbọn gbá Bàbá lọ́wọ́, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ṣẹ́, bidon já lulẹ̀, ó fọ́. Ìgbà tí omi ṣàn tán ni Bàbá tó ké. Nínú àgọ́ ńkọ́? Àwọn ọ̀gá ń bọ patron lọ́wọ́. Nígbà tí ìròyìn dé pé omi lásán ni, patron ní ó dun òun, ó sì dùn ún lóòótọ́, mo rí ojú rẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì wọ́n gé fídíò náà kó parí síbi tí wọ́n ti mú Bàbá, kí bidon tó fọ́. Mo wà níbẹ̀ tí wọ́n gé e.

Ọmọ Bàbá ti bímọ, tìyátọmọ ló wà láyọ̀, ọpẹ́ ni. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Bàbá ò lè gbé ọmọ-ọmọ wọn, ọwọ́ wà nínú símẹ́ńtì ọsibítù. Àwọn dókítà ní kò dájú pé ọwọ́ yẹn tún lè di igbà mú gun ọ̀pẹ.

Èyí tó wá ń pa mí ni pé Bàbá gbà pé ẹnì kan ló tú àwọn fó. Bọ̀dá kan tó ń lẹ táyà lórítá ni wọ́n fura sí, torí àwọn méjèèjì ń jà lórí ààlà oko, àti pé bọ̀dá yìí ti fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ rí ní gbangba, ó ní, “Bàbá, bidon yín yìí pọ̀ jù o, wọ́n á mú yín lọ́jọ́ kan!” Àwàdà ni! Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, Bàbá pàápàá rẹ́rìn-ín. Ní báyìí ẹnikẹ́ni ò gbé táyà lọ bá a mọ́, ìyàwó rẹ̀ ti kó ọmọ lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Tchaada, nítòsí ibí. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí, àwọn àgbà á gbé irin síwájú rẹ̀ kó búra. Ó sì ti ní òun ò ní búra fún ohun tí òun ò ṣe, pé òun á kúkú kó kúrò nílùú.

Mo lọ kí Bàbá lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìwọ tó ń bá àwọn oníkọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ṣé ẹ̀rọ yín ò lè bá mi wo ẹni tó ṣe èyí fún mi?” Mo ní màá bi wọ́n léèrè. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ! Mo ní màá bi wọ́n léèrè.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń wa ọ̀kadà ní kí n pa ẹnu mọ́, ó ní ẹ̀rọ ló mú Bàbá, èmi kọ́. Ta ló kọ́ ẹ̀rọ? Mo ti tọwọ́ bọ ìwé pé mi ò ní sọ iṣẹ́ wa síta, wọ́n lè gbé mi lọ sílé ẹjọ́. Patron sì ń kó ẹ̀rọ lọ sí apá òkè orílẹ̀-èdè yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó fẹ́ kí n tẹ̀ lé òun.

Ṣé kí n lọ bá Bàbá Ọ̀kọpẹ láwọn nìkan ṣáájú ọjọ́ Ẹtì? Àbí kí n dìde láàrín àwọn àgbà kí bọ̀dá yẹn tó kó ẹrù rẹ̀? Tí wọ́n bá fi mí bú ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn ní kí n gbàdúrà, mo ti ń gbà á. Ó jọ pé mo ti mọ̀ pé màá sọ ọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni gbólóhùn tí èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ báyìí lójú ẹni tó ń pè é ní ọmọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nínú yín, kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, bó ti wù kó kúrú mọ.