Òòlù Bàbá Rẹ Tí Kì Í Sinmi

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o sì ń jẹun kí o tó jókòó ti ẹ̀rọ? Ẹni tó dá ọ kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Ara wa le níbí, àfi èjìká bàbá rẹ, òun gan-an ló sì mú mi kọ̀wé.

Ojú ewé tí o ṣe sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ṣọ́ọ̀bù bàtà bàbá rẹ dára púpọ̀, àwòrán bàbá rẹ tó ń mira níbẹ̀ sì jọ wọ́n débi pé mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́ kí n tó rántí pé àwòrán ni. Àmọ́ láti ọjọ́ Ajé ló ti ń gbé òòlù, tó ń kan ìṣó mọ́ bàtà kan ṣoṣo, kò mu omi, kò nu òógùn. Bàbá rẹ jókòó tì í, wọ́n ní àwọn kò ní jẹun àfi tí ọkùnrin yẹn bá parí bàtà ọ̀hún. Oúnjẹ tutù. Wọ́n ní bó ṣe ń gbé òòlù lọ́hùn-ún ni èjìká ń ro àwọn níbí, ni mo bá fi ìpara ra á fún wọn.

Wàhálà dé nígbà tí nọ́ọ̀sì tó gbé bàtà wá fún àtúnṣe rí i lórí fóònù tirẹ̀. Ó sáré wá, ó ní láti àná ni ẹ ti ń kan bàtà òun, ṣé ẹ fẹ́ sọ ọ́ di irin ni? Ó gba bàtà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Tíṣà ilé kejì ló là wá lọ́yẹ̀. Ó ní ìwọ lo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó máa tún un ṣe láìlópin, pé bí o bá fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀, iye ìgbà yẹn ni yóò ṣe é, á sì dúró. Bàbá rẹ ní kó jẹ́ mẹ́ta, mo ní rárá o, ìṣó mẹ́rin ni gìgísẹ̀ bàtà ń gbà. A fà á títí wọ́n fi gbà fún mi, nítorí náà kọ mẹ́rin. Tíṣà ní tí kò bá sí àṣẹ mìíràn, bó bá parí, yóò padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, tòun ti òòlù lókè. Jọ̀ọ́, sọ fún un kó dúró síbi tó parí sí, kí apá rẹ̀ wálẹ̀.

Tíṣà bá wa ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì, ìyẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì dá bàtà padà.

Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́, ìpara ti tán.

Bàbá rẹ ní kí n má sọ eléyìí. Ṣé o rántí pé odidi oṣù kan ni wọ́n fi yan ọ́ lódì nígbà tí o ní o kò ní kọ́ iṣẹ́ bàtà? Ní báyìí, oníbàárà kò tíì jókòó tí wọ́n á ti na fóònù sí i, wọ́n á ní: iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ mi nìyí.

Ọ̀nà rẹ á máa là, ọmọ mi. Ibi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́, iṣẹ́ rẹ á ṣáájú rẹ débẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.