Kámẹ́rà Méjì Nínú Ilé Ọkọ Mi

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kejìlá 2024

Ìwé, má bínú sí ọwọ́ mi. Ó rí wọ́gọwọ̀gọ bí ebè tí ẹni tí kò mọ oko kọ. Ọ̀rọ̀ ò sì tètè ń wá — lẹ́nu pàápàá kì í tètè wá. Kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo dé tí àìsàn fi dá bàbá mi dùbúlẹ̀. Mo padà sóko ẹ̀gẹ́ ní Òrò-Àgọ́. Ó tán.

Oṣù kẹta rèé tí mo ti wà nílé ọkọ ní Èsìẹ́. N kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni lórúkọ níbí. Ẹni tí wọ́n bá ti bí sílé yìí kí n tó dé, ọkọ mi ni, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Mo wá fún wọn lórúkọ tèmi. Àbúrò ọkọ mi obìnrin — Opéléngẹ́. Ìyá ọkọ mi, Ìyá náà ni. Ọkọ mi, oníṣẹ́ fọ́tò, tí gbogbo ìlú ń pè ní Kádìrì Fọ́tò, inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní Ìdákẹ́. Torí ó lè jẹun tán, kó fọwọ́, kó jáde, kó má sọ ju "ó dùn" lọ.

Kámẹ́rà ti di méjì nílé. Ohun tí mo fẹ́ kọ nìyẹn. Àgbà: dúdú, ńlá, ó wúwo bí ọmọ ọlọ. Tòkunbọ̀ ni, ọdún kọkànlá rèé tó ti wà lọ́rùn Ìdákẹ́. Tíńtín: tuntun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà l'Ékòó ló fi rán ọlọ́kọ̀ wá lọ́jọ́ Jímọ̀.

Wọn yóò ṣe wòlímọ̀ àti yìgì Mardiyah, ọmọ Àlájà Fulera, lọ́jọ́ kẹrìnlá. Ọkùnrin kankan ò gbọdọ̀ wọ yàrá àwọn obìnrin. Ìdákẹ́ ní òun á pe Aliyah láti Ìlọrin, obìnrin tó ń ya fọ́tò.

Ó wà lẹ́nu mi kí n sọ pé, èmi ńkọ́? N kò sọ ọ́. Mo kó abọ́ kúrò nílẹ̀.


Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kejìlá

Ìdákẹ́ dojú odó dé, ó gbé kámẹ́rà méjèèjì sórí ìdí rẹ̀. Ó ní kí n lọ dúró níwájú ògiri. Ó fi Àgbà yà mí, ó fi Tíńtín yà mí — láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Láti ìgbà ìyàwó, kò tíì wò mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ó jẹ́ kí n gbà wọ́n wò.

Àgbà ní ihò kékeré kan lẹ́yìn tí wàá fi ojú kan yọjú sí. Ohun tó wà níwájú gan-an lò ń rí, kì í ṣe àwòrán rẹ̀. Tó o bá tẹ̀ ẹ́, á dún gbàkà! bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Bátìrì rẹ̀ á lo ọjọ́ méjì. Oòrùn ò lè dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, fọ́tò rẹ̀ á máa ṣe hóró-hóró bí ìgbà tí wọ́n da gàrí sára aṣọ. Ọyẹ́ sì ti kó eruku sí i níkùn. Àmì dúdú mẹ́ta ló wà lójú ọ̀run nínú gbogbo fọ́tò rẹ̀, ojú kan náà.

Tíńtín bọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Kì í dún. Nírọ̀lẹ́ ó rí mi ju bí mo ṣe rí ara mi lọ. Fúnra rẹ̀ ló ń ju fọ́tò sínú fóònù, kó o tó ṣẹ́jú ó ti dé Wọ́sáàpù. Fúnra rẹ̀ náà ló ń wá ojú èèyàn — àpótí kékeré aláwọ̀ ewé á yọ síbi ojú náà, ó yá, tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì rẹ̀ kéré bí kóró ata. Nínú oòrùn, ojú ara rẹ nìkan lo máa rí lára dígí rẹ̀. Bátìrì rẹ̀ ò sì pé wákàtí méjì tó fi kú.

Ohun kan wà tí Ìdákẹ́ ò sọ, èmi ni mo rí i. Tó bá gbé Àgbà sójú, àwọn èèyàn á nàró, wọ́n á tún gèlè ṣe, wọ́n á pa ẹnu dé. Tó bá gbé Tíńtín, wọ́n á máa bá ẹjọ́ wọn lọ. Ìyá ní: "Èyí náà ni wọ́n ń pè ní kámẹ́rà? Mo ṣebí páálí ìṣáná ni."


Alámísì, 5 Oṣù Kejìlá

Mo ti sọ ọ́. Mo ní ṣé èmi ò lè wọ yàrá obìnrin náà ni. Ìdákẹ́ ní, "Ká wò ó." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta — mo kà á.


Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kejìlá

Àwọn ọmọ ilé-ìwé kan wá wo àwọn ère òkúta ayé àtijọ́ tó wà nílùú yìí. Àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ gbà wá láyè ká ya àwọn ọmọ náà. Mo tẹ̀ lé Ìdákẹ́, mo gbé báàgì. Ó fún mi ní Tíńtín dání fún ìgbà díẹ̀. Mo kọjú rẹ̀ sí àwọn ère, ni àpótí aláwọ̀ ewé bá ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan — ojú yìí, ojú yẹn. Ó rò pé èèyàn ni wọ́n! Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìdákẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ funfun.

Mo dé, mo gúnyán, mo pọnmi. Ó rẹ̀ mí dé eegun.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kejìlá

Ìdákẹ́ ti gbà. Tíńtín ni n ó gbé, ó ní Àgbà ò ṣe é kọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. "Kí àpótí yọ, kó o tẹ̀ ẹ́. Má da ara rẹ láàmú." Tó bá dára, ìhà obìnrin di tèmi nínú iṣẹ́ rẹ̀ títí lọ. Ti yìgì tó ń bọ̀ ní Ìsánlú-Ìsin lọ́jọ́ kọkànlélógún, èmi náà ni. Tí kò bá dára — Aliyah.

Ìyá ò fẹ́. "Ìyàwó tí ò tíì mọ ibi tí a ń kó igi sí, ó fẹ́ máa gbé kámẹ́rà yí ìlú ká." Opéléngẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìka ṣe kámẹ́rà sójú: "Ìyàwó wa, ẹ yà mí! Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pa ojú dà!" Mo ní, "Ọkọ mi, ẹwà yín á fọ́ dígí." Ó kọ hàà. Kò mọ̀ pé mo lè sọ̀rọ̀.

Ìwé, mo fẹ́ iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe nítorí kí wọ́n lè rí mi. Ṣé o mọ̀ pé ìgbà tí a bá jọ ń wo fọ́tò nìkan ni Ìdákẹ́ ń bá mi sọ̀rọ̀? Tí wọ́n bá gba èyí lọ́wọ́ mi, abọ́ àti odó ló kù.


Ọjọ́ Jímọ̀, 13 Oṣù Kejìlá

Iná ò wá lánàá, kò wá lónìí. Mo gbé Tíńtín lọ sílé oníjẹnẹrétọ̀, mo jókòó tì í bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn.


Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kejìlá

Ó parí. Mo rò pé ó dára. Ẹsẹ̀ mi ti wú. Igba fọ́tò ó lé. Mo ń lọ sùn.


Àìkú, 15 Oṣù Kejìlá

Kò dára.

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, bóyá á fúyẹ́.

Nílé Àlájà, ìyàwó ò gbọdọ̀ ṣí níkàábù àfi kí ọkọ rẹ̀ ṣí i. Láàárín obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá, ó bò ó. Mardiyah jókòó, ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì nìkan ló hàn. Ó gbé Kùránì lé ẹsẹ̀, ó ń kà á. Àlájà ń sunkún. Lára ògiri lẹ́yìn Mardiyah, fọ́tò bàbá Àlájà tó ti kú ló wà níbẹ̀ — Àlááji Àhmádù, pẹ̀lú láwàní, nínú férémù.

Ìmọ́lẹ̀ ìdí fèrèsé dára ju ti ibẹ̀ lọ. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Àlájà ló jókòó sídìí fèrèsé. Báwo ni ìyàwó oṣù mẹ́ta á ṣe ní kí àgbà dìde? Mo pa á mọ́nú. Mo gbé Tíńtín súnmọ́ Mardiyah. Àpótí aláwọ̀ ewé yọ, mo tẹ̀ ẹ́. Ó yọ, mo tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi.

Lónìí Ìdákẹ́ kó wọn sórí láàpútọ́ọ̀pù. Ó sọ wọ́n di ńlá. Ó tún fa òmíràn wá.

Tíńtín ò rí ojú lára Mardiyah torí níkàábù. Ó wá ojú lọ. Ó rí ti bàbá. Nínú gbogbo fọ́tò tí Mardiyah ti ń ka Kùránì, Àlááji Àhmádù mọ́ kedere, irun àgbọ̀n rẹ̀ ṣe é kà — ìyàwó wá dà bí èéfín funfun níwájú rẹ̀.

Mo ti rí àpótí náà lókè. Mo rí i o! Mi ò kàn bi ara mi pé ojú ta ló wà níbẹ̀.

Mardiyah ti lọ ilé ọkọ ní Kàdúná láàárọ̀ yìí.


Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kejìlá

Ìdákẹ́ ti pe Aliyah fún ti Ìsánlú-Ìsin. Mo gbọ́ ọ lórí fóònù. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kejìlá

Ìdákẹ́ ní òun á sọ fún Àlájà pé mẹ́mórì ló jóná. Kò fẹ́ kójú tì mí. Mo gbọ́, mo lọ pọnmi, mo gbé garawa kalẹ̀ lọ́nà, mo gba ilé Àlájà lọ. Ẹsẹ̀ mi ló lọ, kì í ṣe èmi.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, wọ́n lè wá sọ fún yín pé nǹkan jóná. Nǹkan kan ò jóná. Èmi ni mi ò wo ibi tí kámẹ́rà ń wò." Mo fi àwọn fọ́tò náà hàn wọ́n lórí fóònù.

Àlájà wò ó pẹ́. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ọmọ mi máa jókòó bẹ́ẹ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ta ló máa bá mi dá a padà?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jókòó sídìí fèrèsé lọ́jọ́ náà gba fóònù, ó bú sẹ́rìn-ín: "Fulera, bàbá wa mà ni! Ṣé o ti gbàgbé pé kì í jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò kí òun má sí níbẹ̀?" Àlájà ò rín. Ó ní kí ló dé tí n kò sọ pé ká sún ọmọ òun sídìí fèrèsé.

Mo ní, "Ojú ń tì mí, mà."

Ó ní, "Ojú ń tì ọ́." Kò dárí jì mí, kò sì lé mi. Ó ní kí n máa lọ ilé.

Garawa ṣì wà lójú ọ̀nà. Ewúrẹ́ ti mu díẹ̀ níbẹ̀.


Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kejìlá

Ìdákẹ́ ti gbọ́ pé mo lọ sílé Àlájà. Lẹ́yìn tó jẹun, ó gbé Àgbà kọ́ mi lọ́rùn, ó mú àtàǹpàkò mi lé bọ́tìnnì kan. Mo yọjú sínú ihò náà: ẹyọ iná pupa kékeré kan ń tàn níbẹ̀. Ó ní, "Ibi tó o bá gbé pupa yẹn sí ló máa mọ́. Èyí ò ní bá ọ wá ojú. Ìwọ lo máa wá a."

Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù tó tíì bá mi sọ nìyẹn. Ó sì jáde lọ.


Alámísì, 19 Oṣù Kejìlá

Tíńtín ni Ìdákẹ́ gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fi Àgbà sílẹ̀. N kò tọrọ ààyè, Ìwé, dákun má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá ń fẹ́ ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Ọyẹ́ ń gbé èèpo ẹ̀wà kọjá níwájú ojú rẹ̀. Ó jókòó sábẹ́ òjìji ilé, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún síwájú díẹ̀, síbi oòrùn." Ó gbójú sókè. Mo rò pé igbá ló máa kàn mí lórí.

Ó sún!

Ó ní, "Ṣé ó ti tó báyìí, ọ̀gá?" Mo gbé pupa náà kọjá èèpo tó ń fò, mo gbé e lé ẹyinjú rẹ̀ òsì. Mo di èémí mú. Gbàkà. Apá mi dùn mí títí di ìsinsìnyí.


Ọjọ́ Jímọ̀, 20 Oṣù Kejìlá

Ìdákẹ́ rí fọ́tò Ìyá nínú mẹ́mórì. Ó sọ ọ́ di ńlá, ó tún sọ ọ́ di ńlá, títí ó fi kan ìpéǹpéjú. Ó ní, "Ta ló ya èyí?" Mo ní èmi ni. Ó pa láàpútọ́ọ̀pù dé, ó lọ kírun.

Ìyẹn nìkan.

Ọ̀la ni ti Ìsánlú-Ìsin. Mo ti lọ aṣọ rẹ̀. Mo fọ àpò kámẹ́rà, mo nu dígí. Ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe iṣẹ́ ló mú kó rẹ̀ mí.


Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kejìlá

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo din àkàrà, wọ́n ti jẹ ẹ́. Mo jókòó sídìí ààrò láti kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ kí Ìdákẹ́ tó lọ. Mo ti gbà á báyìí: ọdún ń bọ̀, bóyá. Ilé ọkọ kì í ṣe ibi tí nǹkan ti ń yá. Aliyah mọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kì í tijú, kó yà wọ́n dáadáa. Lónìí n ó sá ẹ̀wà, n ó fọ —

Ó yọjú lójú fèrèsé nísinsìnyí. Ó pè mí. Kò pè mí ní "ìyàwó", orúkọ mi ló pè: "Hafeezat, o ò tíì wọṣọ?" Mo ní aṣọ kí ni. Ó ní, "Ìsánlú-Ìsin ńkọ́?" Mo ní Aliyah ńkọ́. Ó ní, "Mo ti ní kó má wá mọ́. Láti àná." Láti àná! Ọkùnrin yìí jẹ àkàrà mi tán, kò sọ ọ́!

Ìyá ń pariwo pé ọ̀kadà ti dé, kí n má jẹ́ kó máa dúró. Ìdákẹ́ kó àwọn méjèèjì dání, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ó ní èwo ni n ó gbé. Mo ń kọ ọ́ lórí eré, má bínú. N kò tíì dá a lóhùn, ìwọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún. Èyí tí n ó gbé ni —