Ọ̀já Tí Ìyá Ọkọ Mi Fún Mi

Ẹ dákun, ẹ má tíì bú mi, ẹ kà á tán ná. Kò sí oyún kankan nínú mi. Fibroid ni, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ìju... ó sì ti tóbi débi pé gbogbo àdúgbò ló ń ṣàdúrà fún mi pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, èmi náà á sì ṣe àmín. Irú ayé wo nìyí?

Tíṣà ni mí, ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, Ìlàjẹ ni ọkọ mi. Inú ọkọ̀ epo lójú òkun ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé, èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń gbé nínú ilé orí omi lápá Mahintedo. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, “ará òkè” ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn ẹni tó wá láti orí ilẹ̀ gbígbẹ. Wọ́n á máa sọ Ìlàjẹ wọn wàràwàrà, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó ń tú u fún mi, èmi náà á kàn máa yín eyín bí òmùgọ̀. Ìdánìkanwà yẹn fẹ́ pa mí o. Ọjọ́ tí mo lọ ṣe scan, tí dókítà sọ ohun tó ń ṣe mí, inú ọkọ̀ ojú omi kan náà ni èmi àti Màmá, tí wọ́n ń ti ọjà bọ̀, jọ wọ̀ padà sílé. Ọwọ́ wọn ṣèèṣì kan ikùn mi, wọ́n bá pariwo “Jésù ṣeun!” Kí n tó lanu, orin ọpẹ́ ti sọ. Obìnrin kan dìde fún mi láàárín ọkọ̀ níbi tí omi ò ti ní ta sí mi lára, Màmá sì pè mí ní “ìyá mi”... Mo fẹ́ sọ ọ́ o, mo fi Ọlọ́run búra, ẹnu mi ni kò là. Ká tó gúnlẹ̀, wọ́n ti pe ọmọ wọn, ọkọ mi sì ń sunkún ayọ̀ lórí fóònù. Ṣé èmi ni kí n wá sọ pé irọ́ ni?

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ń ya lára mi. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ara mi ti lọ sílẹ̀ jù, kí n máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ kó lè gòkè, kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó ní ìju yẹn nìkan làwọn máa yọ, pé mo ṣì lè bímọ, àmọ́ kí n mú ẹbí kan dání wá. Ẹbí wo? Aṣọ téèyàn bá sá sórí afárá pákó wa, gbogbo ayé ló ń rí i, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mò ń sá àwọn aṣọ tí mo fi ń gba ẹ̀jẹ̀ sí. Màmá wá gbé ọ̀já tí wọ́n fi pọn ọkọ mi jáde fún mi, omi ń bọ́ lójú wọn. Lọ́jọ́ kan ẹ̀jẹ̀ dé lójijì, kò sí aṣọ tó gbẹ... ọ̀já yẹn lọwọ́ mi bà. Yéè! Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, kò lọ. Màmá sì ti ní kí n mú un wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday yìí, kí Wòlíì gbàdúrà sí i.

Kì í ṣe ọ̀bẹ ló ń bà mí lẹ́rù. Tí ikùn mi bá wálẹ̀, ta ló máa pè mí ní “ìyá mi” mọ́? Ṣé kí n kọ́kọ́ pe ọkọ mi lójú òkun ni? Àbí kí n kàn tẹ́ ọ̀já yẹn síwájú Màmá bó ṣe wà, kí wọ́n fojú ara wọn rí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn... wọ́n ti ń bu ẹja sáwo báyìí, wọ́n ń pè mí, wọ́n ní kí èmi àti ọmọ wá jẹun.