Òpó Kìíní Ilé Onírin

Ajé, 5 Júùnù 2006

Ìpàdé ìgbìmọ̀ ìkọ́lé láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ Ilé Onírin ni a fi bẹ̀rẹ̀, òun náà la fi parí. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ra gbogbo ọgbà ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ tó ti kógbá sílé yẹn, wọ́n fẹ́ fi kún ilẹ̀ yunifásítì. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń dá yunifásítì sílẹ̀ báyìí, tiwa ò gbọdọ̀ kẹ́yìn. Ilé-ìkàwé alájà márùn-ún ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀, nítorí náà kí Ilé Onírin, ilé ọ́fíìsì àtijọ́ inú ọgbà náà, kọ́kọ́ kúrò lójú ọ̀nà.

Alága wa, Pásítọ̀ Adérẹ̀mí — Kíákíá ni mò ń pè é nínú ìwé yìí, torí ọ̀rọ̀ náà kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ — bi mí pé kí ni èmi tí mò ń ya pílánì rí sí i. Mo ní kí a má wó o. Pé òun ni ilé ọ́fíìsì àkọ́kọ́ tí wọ́n fi òpó irin gbé dúró ní gbogbo Ọ̀tà. Pé a lè sọ òun gan-an di ilé-ìkàwé. Gbogbo wọn wò mí bí ẹni tó ní kí a jẹ òkúta. Kíákíá ní kí n padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n wá sọ ìdí tó lè wọ ọmọ ìjọ létí.

Ohun tí n kò sọ: bàbá mi wà lára àwọn tó gbé òpó wọ̀nyẹn nàró.

Ìṣẹ́gun, 6 Júùnù

Mo wọ inú Ilé Onírin lọ pẹ̀lú Rauf. Òun ni olórí àwọn wẹ́dà wa, ọmọ Ọ̀tà gidi, ilé bàbá bàbá rẹ̀ ò jìnnà sí ọjà. Ewúrẹ́ ti sọ ìsàlẹ̀ di ilé. Fèrèsé ti fọ́ tán, àjà ti já bọ́. Ṣùgbọ́n irin náà — irin náà ṣì dúró ṣánṣán. Ìpẹtà rẹ̀ ò ju ojú ara lọ. Ẹni tó ya ilé náà ò fi búlọ́ọ̀kù bo òpó rẹ̀, ó fẹ́ kí ènìyàn máa rí ohun tó gbé ilé ró. Àtẹ̀gùn ni mo fẹ́ràn jù: ara ìtì irin òkè ló ti so rọ̀ wálẹ̀, kò sí òpó kankan lábẹ́ rẹ̀. Mo gùn ún. Kò mì.

Rauf fi òòlù kan òpó, ó tẹ́tí sí i, ó ní àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Mo ní bàbá mi wà níbẹ̀. Ó ní irọ́ ni, níbo ni ará Ìrágbìjí ti rí ẹnu kọ́lé sí Ọ̀tà lójú àwọn onílẹ̀? Bó ṣe máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn. Àjèjì ni orúkọ tó sọ mí. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí, ibí náà ni mo dàgbà sí, síbẹ̀ bí wọ́n bá bi mí pé ọmọ ibo ni mí, Ìrágbìjí ni mò ń dáhùn, níbi tí n kì í dé àfi ìgbà Kérésì.

Ọjọ́bọ̀, 8 Júùnù

Mo yà sọ́dọ̀ Bàbá Sípánà ní Ilo-Awela. Bàbá mi ni. Láti kékeré ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn mi, torí sípánà kì í kúrò lápò rẹ̀. Ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ di òní. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tún wú sí i. Dókítà ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ dé fún mi — n kò fẹ́ kọ ọ́ síbí.

Mo ní ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ wó Ilé Onírin. Ó na ọwọ́ sí sípánà lábẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í rántí, ojú rẹ̀ sì là. Ọdún 1974. Kirénì rì sínú ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà, Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn ní kí wọ́n dúró dè é, wọn ò dúró. Okùn ni wọ́n fi fa òpó kìíní dìde, Bàbá ló wà nídìí bóòtù nísàlẹ̀. Ìka rẹ̀ kan bá a lọ.

“Nǹkan wà lẹ́sẹ̀ òpó yẹn,” ó ní. “Èmi ni mo fi síbẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ògúndèjì ni orúkọ ìdílé wa, alágbẹ̀dẹ ni baba ńlá wa — ta ló tún nílò àlàyé? N kò bi í pé kí ni.

Oore kan ló bẹ̀ mí: kí a gbé òun débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí òun tó kú, kí òun fọwọ́ kan òpó kìíní. Mo ní a máa lọ, mo ní ilé náà ò ní í wó. Ta ló rán mi ní ìlérí?

Ẹtì, 9 Júùnù

Òjò. Mo ya pílánì títí ọrùn fi ń ro mí.

Ajé, 12 Júùnù

Ilé ò ní í wó mọ́!

Mo tẹ́ pílánì sórí tábìlì: ìwé lókè, àga ìkàwé lẹ́bàá fèrèsé, àtẹ̀gùn á wà bó ṣe wà. Wọ́n ń yán. Nígbà náà ni mo bọ́ sórí ìtàn — kirénì tó rì, okùn, ìka bàbá mi. Wọn ò yán mọ́. Mo rí i pé ó ń wọ̀ wọ́n lára, ni mo bá fi iyọ̀ sí i. Mo ní wọ́n tilẹ̀ sin nǹkan kan sẹ́sẹ̀ òpó kìíní, pé a lè kọ ìtàn náà sára ògiri kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa kà á.

Kíákíá gbá tábìlì. Ó ní irú ìtàn tí òun ń wá nìyí, kí àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ kíákíá. Inú mi dùn débi pé n kò fiyè sí Màmá Àdúrà, ìyá tó ń darí ẹgbẹ́ aláàdúrà, nígbà tó rọra béèrè pé kí ni wọ́n sin. Mo dá a lóhùn pé n kò mọ̀, pé nǹkan àwọn àgbà ni.

Ọjọ́rú, 14 Júùnù

Mo sọ fún Bàbá. Ó di ọwọ́ mi mú, kò tètè fi sílẹ̀. Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlélógún, ni a máa gbé e lọ. Ó ti ń béèrè dáńṣíkí rẹ̀ tó ní kọ́là.

Àìkú, 18 Júùnù

Màmá Àdúrà gorí pẹpẹ lónìí, ó gbàdúrà lórí ohun àjèjì tó farapamọ́ sínú ilẹ̀ tí Olúwa fún wa. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ojú gbogbo ènìyàn ṣáà wà lára mi.

Lẹ́yìn ìsìn, Kíákíá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn òbí ti ń bi í pé ṣé orí òrìṣà ni ọmọ àwọn máa jókòó sí kàwé. Ó ní òun ò bẹ̀rù irin, ṣùgbọ́n ìjọ ni ìjọ: kí a hú nǹkan náà, kí a sun ún, kí ọkàn oníkálukú balẹ̀, kí ilé lè dúró. Mo ṣàlàyé títí. Òpó yẹn ló ru igun tí àtẹ̀gùn wà, a ò gbọdọ̀ gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láìkọ́kọ́ fi jáàkì gbé ìtì òkè ró, pàápàá nínú òjò yìí. Ó gbọ́. Ó ní kí n wá jáàkì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilẹ̀ kí n tó rí i.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi nìyí.

Ọjọ́bọ̀, 22 Júùnù

Kò sí jáàkì tó tó ní Sango. Rauf ní wọ́n ní in ní ilé-iṣẹ́ tuntun kan ní Igbesa. Ọ̀la ni mo máa lọ. Ẹgbẹ́ aláàdúrà ń gbààwẹ̀ láti ọjọ́ Ajé.

Ẹtì, 23 Júùnù

Orí ọ̀kadà ni mo wà ní Igbesa, ẹrẹ̀ dé orúnkún, nígbà tí Rauf pè. Ó ní kí n máa bọ̀, wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ tí ààwẹ̀ wọn máa parí ni. Màmá Àdúrà ní nǹkan náà gbọ́dọ̀ jáde kí ẹnikẹ́ni tó fi omi kan ẹnu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ààwẹ̀ ti ṣòfò nìyẹn. Kíákíá wà ní Abẹ́òkúta. Rauf ti bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kí Mùsùlùmí má dá sí i. Nígbà tí mo fi dé, kòtò ti dé ìbàdí, wọ́n ti gbẹ́ wọ abẹ́ kọnkéré tí òpó dúró lé. Orin ni wọ́n ń kọ. Wọn kì í ṣe ènìyàn búburú. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń fayọ̀ gbẹ́lẹ̀.

Wọ́n rí i. Agolo kékeré kan, wọ́n ti fi àbẹ́là dí ẹnu rẹ̀. Aṣọ funfun ló wà nínú rẹ̀, ohun gbígbẹ kan tó ti ká kò bí èèpo ọsàn wà nínú aṣọ náà, pẹ̀lú nọ́ọ̀tù irin kan, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu bóòtù. Màmá Àdúrà da kẹrosíìnì sí i. Wọ́n ní kí n sún mọ́ ọn, torí bàbá mi wà lára àwọn tó fi síbẹ̀, kí n fi ẹnu ara mi kọ̀ ọ́. Mo sún mọ́ ọn. Mo fẹ́ kó tètè parí kí wọ́n lè dí kòtò. Mo ní mo kọ̀ ọ́. Mo ní àmín.

Nọ́ọ̀tù ò jó. Rauf fi ẹsẹ̀ yọ ọ́ nínú eérú, ó sọ ọ́ sápò. Wọ́n lọ ṣínu, wọ́n ní àwọn á dí kòtò láàárọ̀. Èmi àti Rauf bẹ̀rẹ̀ sí í dí i fúnra wa, òjò sì dé.

Àbámẹ́ta, 24 Júùnù

Òpó kìíní ti rì. Gbogbo igun yẹn tẹ̀ lé e, àtẹ̀gùn já.

Mo gba Ilo-Awela lọ. Bàbá ti wọ dáńṣíkí, ó ti dé fìlà, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, sípánà wà lórí itan rẹ̀. Mo parọ́ pé mọ́tò bàjẹ́. Ó ní kò burú, irin náà ò kúkú ní í sá lọ.

Ajé, 26 Júùnù

Àwọn ẹnjiníà ti wò ó. Títú ló kù. Màmá Àdúrà sunkún níwájú ìgbìmọ̀, ó ní òun ò mọ̀ pé ilẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kíákíá jókòó tì mí, ó ní kí n má bínú. Ó ń rọra sọ̀rọ̀.

Inú mi bàjẹ́. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà kọ ọ́.

Ọjọ́rú, 28 Júùnù

Ẹni tó ń gé irun fún Bàbá ti sọ fún un kí n tó dé. Kò bú mi. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni bóyá bóòtù kankan já.

Mo ní rárá. Òpó wà lódindi, bóòtù wà lódindi, ilẹ̀ ló yẹ̀ lábẹ́ wọn. Ó mi orí. Ó ní nígbà náà kì í ṣe iṣẹ́ àwọn ló kùnà.

“Agolo ńkọ́?”

Mo ní wọ́n ti sun ún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, mo ní mo mọ̀ pé ètùtù Ògún ni, mo mọ̀ pé ohun ìdílé ni —

“Ta ló sọ fún ọ pé ètùtù ni?”

Ó wò mí pẹ́.

“Ìwọ́ rẹ ni, Oyèbọ́lá.”

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé òpó kìíní dúró ni ìwọ́ mi já. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé nígbà náà ní Ọ̀tà. Lándílọ́ọ̀dù kọ̀ kí wọ́n sin ìwọ́ mi sínú ọgbà rẹ̀: bí àjèjì bá sin ìwọ́ ọmọ síbẹ̀, lọ́la ọmọ náà á ní ilẹ̀ òun ni. Màmá mi ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìrágbìjí. Bàbá kọ̀. Ó ní ibi tí a bí ọmọ sí ni kó wà. Ó fi àbẹ́là dí agolo, ó mú nọ́ọ̀tù kan nínú ti òpó gan-an, ó kó wọn sí ibi tí lándílọ́ọ̀dù kankan ò ní í lè lé mi kúrò. Màmá mi bẹ̀ ẹ́ títí tó fi kú pé kó má sọ, torí ohun ara ọmọ kì í ṣe ohun tí à ń sọ káàkiri.

Mo fẹ́ sọ fún un pé mo kọ̀ ọ́. Pé wọ́n ní kí n kọ̀ ọ́, mo sì ní àmín sí i. Ẹnu mi ò gbà á.

Ọjọ́bọ̀, 29 Júùnù

Rauf fún mi ní nọ́ọ̀tù náà. Mo ti sọ ohun tó jẹ́ fún un. Kò pè mí ní Àjèjì lónìí.

Àbámẹ́ta, 8 Júláì

Wọ́n tú Ilé Onírin lónìí.

A gbé Bàbá lọ, èmi àti Rauf, lórí àga. Ó wọ dáńṣíkí rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó bá kirénì wá láti Èkó ti tan iná tí wọ́n máa fi gé irin. Bàbá gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, “Bóòtù la fi so ó. Ẹ fi bóòtù tú u.” Wọ́n wo Kíákíá. Kíákíá ní kí wọ́n pa iná, kí wọ́n fara balẹ̀ tú u, bó ti wù kó pẹ́ tó. Bàbá na sípánà sí mi, èmi ni mo tú èyí àkọ́kọ́. Ó le. Rauf bá mi fà á.

Wọ́n tẹ́ òpó kìíní sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò. A sún àga Bàbá mọ́ ọn. Ó fọwọ́ lé e, ọwọ́ tó ní ìka mẹ́rin yẹn, ó ń fi í rìn lára irin títí dé ìsàlẹ̀ ibi tí bóòtù wà. Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún.

Ẹni tó ń wa kirénì sọ̀ kalẹ̀ wá mu omi. Ó rí wa, àánú ṣe é, ó fẹ́ bá wa dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ọmọ ibo ni mí.

Mo wo inú kòtò. Nọ́ọ̀tù wà lọ́wọ́ mi.

Mo ní ọmọ Ọ̀tà ni mí.

Rauf gbọ́. Kò rẹ́rìn-ín.