Ọgbẹ́ Kan, Dáìsì Kan

Kí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jókòó dáadáa kí wọ́n tó kà á. Èmi tí wọ́n ń pè ní Adájọ́ Tábìlì, tí n kò rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni fi orúkọ mìíràn pè mí kẹ́yìn, aṣèdá eré orí tábìlì, ni mo ń pín ogún mi sínú ìwé yìí. Kíndìnrín mi ló kú, orí mi kò kú. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ń fọ ẹ̀jẹ̀ mi, kò fọ ọgbọ́n mi lọ. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi kọ ọ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé kò ṣeé ṣe. Ìwé ìhágún èyíkéyìí tí mo ti kọ ṣáájú èyí, mo fagi lé e.

1. Alábòójútó ogún mi ni Atẹ̀wé, ọ̀rẹ́ mi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ògiri yàrá iṣẹ́ mi, tó ń tẹ gbogbo ìwé eré mi. Kò sí ibi tí kì í ti í pẹ́ dé, ṣùgbọ́n kò ba iṣẹ́ mi kankan jẹ́ rí. Kó má pẹ́ dé ibi ìsìnkú mi o.

2. Ilé tí mò ń gbé, láti géètì dé ẹ̀yìnkùlé, mo fi fún ọmọ mi obìnrin, nọ́ọ̀sì, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi. Kó tún òrùlé tó ń jò lókè balùwẹ̀ ṣe. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti wà láyé ni mo ti ń sọ pé màá tún un ṣe.

3. Tábìlì ńlá inú pálọ̀, àwọn àga rẹ̀ àti dáìsì onígi orí rẹ̀, mo dá wọn padà fún àbúrò mi, káfíńtà, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ wọn.

Gbèsè kejì tí mo jẹ ẹ́ kò ṣeé dá padà. Ó yọ kíndìnrín rẹ̀ kan fún mi. Ara mi kọ̀ ọ́, wọ́n sì tún un yọ dànù. Kò fi sùn mí rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló sọ pé ì bá dára ká ní wọ́n jẹ́ kí òun kí kíndìnrín náà pé ó dàbọ̀, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí ẹkún fi fẹ́ gbọ̀nà ibẹ̀ wọlé. Nísinsìnyí, bó bá fá pákó fúngbà díẹ̀, á fi ọwọ́ di ìhà mú, á ní eruku ló ń dààmú òun. Àbúrò mi, mo rí ọ. Eruku kì í wọ ènìyàn ní ìhà.

4. Ológbò mi tó ń sùn lórí àwòrán ilẹ̀ eré mi, mo fi fún Atẹ̀wé, nítorí eku ń jẹ bébà rẹ̀. Kó mọ̀ pé ọ̀lẹ ni. Kò pa eku rí nílé mi.

5. Wàyí o, eré náà. Fún lọ́yà tí yóò ka ìwé yìí: oníkálukú tó jókòó yí tábìlì ká ló ń gbé ìwà ẹnì kan wọ̀ nínú ìtàn, ọmọ ogun, olè, olùwòsàn. Bó bá fẹ́ ṣe ohun tó le, á ju dáìsì, a ó sì fi ìmọ̀ọ́ṣe rẹ̀ kún ohun tí dáìsì bá mú wá. Nínú ìwé òfin mi, abala ìmọ̀ọ́ṣe kan wà tí mo pè ní Bó-Bá-Wù-Yín. Òfin ibẹ̀ kò pọn dandan. Àwọn tó jókòó ló máa fẹnu kò kí eré tó bẹ̀rẹ̀, pé eléyìí la ó lò, tọ̀hún a ò ní lò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí àyípadà. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀.

Òfin ìtọ́jú ọgbẹ́ tèmi kò gùn: ọgbẹ́ kan, dáìsì kan. Olùwòsàn tó bá kùnà kò gbọdọ̀ tún fọwọ́ kan ọgbẹ́ yẹn mọ́. Bí ènìyàn bá lè máa ju dáìsì títí yóò fi bọ́ sí i, kí ni ìwúlò ìmọ̀ọ́ṣe? Ta ni yóò bẹ̀rù ọgbẹ́?

Lọ́jọ́ kan, ọmọ ogun tí àbúrò mi ń ṣe já bọ́ láti orí odi. Ọmọ mi ni olùwòsàn. Ó ju dáìsì, ó kùnà, ó tún na ọwọ́ sí dáìsì, mo ní rárá. Ọmọ ogun kú. Àbúrò mi ti ń ronú ẹlòmíì tí yóò tún ṣe. Ọmọ mi ló dìde. Ó ní ní wọ́ọ̀dù tàwọn, ẹnikẹ́ni kì í gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan kó káwọ́ gbera. Ó ní kí ni mo mọ̀ nípa ibùsùn aláìsàn tí mo fi ń ṣòfin fún un. Odindi ìgbà òjò kan ni kò fi yà sílé mi.

Ọmọ mi, o kéré nígbà tí ìyá rẹ ń ṣàìsàn. Àwọn dókítà dán ìtọ́jú wò lára rẹ̀, wọ́n tún un dán wò, wọ́n tún tún un dán wò, títí ó fi jẹ́ pé ìrora nìkan ló kù lórí ibùsùn yẹn. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ibẹ̀ ni mo ti rí òfin mi. N kò sọ fún ọ rí, nítorí o fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ.

Nígbà tí ọmọ mi padà wá, òfin tirẹ̀ ló mú dání: olùwòsàn tó kùnà lè tún dán an wò, ṣùgbọ́n ìdajì ọgbẹ́ náà yóò bọ́ sí ara òun fúnra rẹ̀, ì báà wo ọgbẹ́ náà sàn, ì báà má wò ó sàn. Mo kà á, inú bí mi, nítorí ó dára. Mo tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn ìwé, ní lẹ́tà kékeré, láàrin Bó-Bá-Wù-Yín.

6. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà lè wọ̀ ti ń tán lápá mi. Ọmọ mi ti ṣe àyẹ̀wò, kíndìnrín tirẹ̀ bá ara mi mu, ó sì fẹ́ yọ ọ̀kan fún mi. Dókítà ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí pé ara tó kọ ti àkọ́kọ́ kò ní kọ ìkejì. Ọmọ mi ti fọwọ́ sí ibi tirẹ̀ nínú ìwé ilé ìwòsàn, ó fi dáìsì tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì, kí n lè máa rí i. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. N kò ní fọwọ́ sí i.

Ìyá ọmọ méjì ni, ọ̀kan ṣì wà lẹ́nu ọmú. Ọmọ ló ń sin baba; baba kì í jẹ lára ọmọ kó tó lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ẹbí jọ lé mi lórí. Ẹ̀rù ikú ń bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí àbúrò mi tó di ìhà mú, n kò fẹ́ rí ọmọ mi bẹ́ẹ̀.

7. Eré náà àti gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ di ti ọmọ mi. Kí Atẹ̀wé tún ojú ìwé tò: kó gbé òfin ọmọ mi wá síwájú ní lẹ́tà ńlá, kó jẹ́ òfin gbogbo tábìlì. Kó gbé tèmi lọ sẹ́yìn, ní lẹ́tà kékeré, láàrin Bó-Bá-Wù-Yín. Ìwọ lo jàre, ọmọ mi. Eré tìrẹ yóò dùn ju tèmi lọ.

Ti àwọn tí yóò ṣí ìwé náà lẹ́yìn mi nìyẹn. Ní ti ara mi, èyí tó wù mí ni mo yàn: ọgbẹ́ kan, dáìsì kan. Àbúrò mi ti jù ú. Ọmọ mi, má na ọwọ́.

Mo fọwọ́ sí i ní yàrá iṣẹ́ mi, lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ní ọdún kejì tí ẹ̀rọ ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ mi.

Adájọ́ Tábìlì

Àwọn ẹlẹ́rìí, tí wọn kò jogún ohunkóhun nínú ìwé yìí:
Olùkọ́ Ìṣirò, tó ń ṣe olè ní tábìlì wa
Ìyá Oníbúrẹ́dì, aládùúgbò, tó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun fọwọ́ sí i, òun kò fara mọ́ ọn