Sípánà Mọ́kàndínlógún

Bàbá mi, ọ̀gá mi tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irinṣẹ́,

Ó pé ọdún méjì tí ẹ ti filẹ̀ bora. Ara mi le, iṣẹ́ ọ́fíìsì mi ní ilé ìwòsàn ń lọ déédéé, Bọ́lá àbúrò mi ló sì di ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì yín mú ní Abẹ́òkúta. Àwọn oníbàárà tó kọ́kọ́ ń fura sí ọwọ́ obìnrin ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sípánà ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ ó rántí àpótí sípánà tí mo fi ránṣẹ́ sí yín ní ọdún kejì tí mo dé Atlanta. Thrift kan ní Morrow ni mo ti rà á, ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ará ibí ń kó ẹrù tí wọn ò lò mọ́ lọ kí wọ́n lè tà á fi ṣàánú. Ó ń dán, kò dógùn-ún níbì kankan. Ẹ máa ń sọ pé ohun tuntun kò tíì jìyà, a ò sì mọ ìwà rẹ̀. Mo rò pé mo ti rí tòkunbọ̀ tó yẹ yín. Gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè lórí fóònù, èsì kan náà ni: ẹ ń lò ó, ó dára gan-an. Inú mi a dùn fún ọ̀sẹ̀ kan.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnu àwọn sípánà ṣọ́ọ̀bù jẹ tán. Mo ní kí Bọ́lá fọkàn balẹ̀, pé màá wá irú ti àkọ́kọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Bọ̀dá mi, irú yẹn kọ́ o! Ti ínṣì lẹ kó wá nígbà yẹn. Tá a bá fi kọ́ nọ́ọ̀tì Tòyótà, ńṣe ló ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé tó báyìí, ẹ ò ka èyí tí wọ́n kọ sára sípánà?”

Ẹ̀yin lẹ lé mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù pé kí n lọ kàwé. Mìlímítà ni mọ́tò ilé ń lò, èmi lọ ra ínṣì. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Bàbá? Ṣé mo dójú tì yín ni, àbí ẹ ò fẹ́ kí ojú tì mí?

Látọjọ́ náà, mi ò fi Sátidé kan ṣeré, láti thrift kan dé òmíràn ni. Mo ra nọ́ọ̀tì mẹ́fà, nọ́ńbà wọn yàtọ̀ síra, mo kó wọn sínú òrùka kọ́kọ́rọ́ mi, kí n lè máa fi wọ́n wọn ẹnu sípánà tí nọ́ńbà ara rẹ̀ ti pa rẹ́. Ẹnu rẹ̀ ni mo wà ní thrift kan ní Norcross tí Aunty kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa fi já lù mí.

“Uncle, mo kàn yà wá wo ago ni o.”

Ìkòkò mẹ́rin ló wà nínú kẹ̀kẹ́ tó ń tì. Bọ́síkọ̀rọ̀ la máa ń pe aṣọ àlòkù nílé; ìtìjú kọ̀rọ̀ yẹn bá wa wọ bàálù.

Nọ́ńbà mẹ́jọ, méjìlá àti mẹ́rìnlá, Norcross ni mo ti rí wọn. Mẹ́tàdínlógún, Morrow. Mẹ́wàá, tí ẹ máa ń sọ pé ó ní ẹsẹ̀ torí kì í pẹ́ sọnù, ló pẹ́ jù kí n tó rí: Clarkston ni mo ti bá a, láàárín ṣíbí àti fọ́ọ̀kì. Ó wá ku mọ́kàndínlógún. Mo sọ fún Bọ́lá.

“Ẹ má wá mọ́kàndínlógún, Bọ̀dá mi. A ní in.”

Nínú gbogbo ti ínṣì yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì, ló bá mọ́kàndínlógún mu rẹ́gí. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn yòókù ṣì ń dán nínú àpótí bí mo ṣe fi wọ́n ránṣẹ́. Ti èyí, dídán rẹ̀ ti lọ níbi tí ọwọ́ yín máa ń dì mú, ẹ sì ti fi rọ́bà pupa wé ìdí rẹ̀, bí ẹ ti ń ṣe sí irinṣẹ́ tí ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yá. Òun lẹ fi ń tú nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ Họ́ńdà títí ẹ fi lọ.

Ẹ ò parọ́ fún mi lórí fóònù. Ẹ ń lò ó.

Ọjọ́ Ẹtì ni àpótí tuntun máa wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo tò wọ́n bí nọ́ńbà wọn ṣe tẹ̀ léra, mo ka ara ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi àyè mọ́kàndínlógún sílẹ̀ lófìfo.

Pẹ̀lú ìfẹ́ tí kò dógùn-ún,
Ọmọ yín, tó ń ka ara sípánà báyìí kó tó rà á.