Màmá Agnes Yéjídé Adédèjì, Olùkọ́ Ìṣirò Ooru (1952–2025)

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Òkúdù, ọdún 1952, ni a bí màmá wa ní Òkè-Lísà, ìlú Oǹdó, sínú ilé Pa Oyèníyì, àgbẹ̀ kòkó, àti Màmá Mary. Ìyá-ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ wọ́n ní Yéjídé. Agnes ni orúkọ ìsàmì wọn nínú ìjọ Áńgílíkà.

Wọ́n gboyè nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ní 1977. Ní 1979, wọ́n fẹ́ Alàgbà Bísọ́dún Adédèjì, wọ́n sì kó wá sí Àkúrẹ́, níbi tí wọ́n ti ṣe olùkọ́ títí di 2012.

Ẹ̀kọ́ nípa ooru ni wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́n á ní kí àwọn ọmọ ki ọwọ́ bọ omi tí a da ọṣẹ oníyẹ̀fun sí, yóò lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n á da ajílẹ̀ yùríà sí òmíràn, yóò tutù. Ẹnu a máa ya àwọn ọmọ Ìta-Ògbólú tí wọ́n ti ń da ajílẹ̀ yìí lóko láti kékeré.

Ní 1994, wọ́n ń ṣírò ooru tó ń jáde bí kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn bá di gáàsì mítéènì. Kò ṣeé wọ̀n tààrà. Ooru tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú wá bí a bá sun ún ni a fi ń ṣírò rẹ̀. Rùkáyátù, ọmọ Bàbá Jímọ̀, aláṣọ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ọjà Ọba, kọ ìdáhùn tó yàtọ̀ sí ti màmá. Wọ́n fún un ní òdo, kíláàsì fi í rẹ́rìn-ín, kò sì wá sílé-ìwé mọ́.

Ní Sátidé, màmá tún un ṣe nídìí tábìlì oúnjẹ: 394 ti kábọ́ọ̀nù, pẹ̀lú 286 ti háídírójìn lọ́nà méjì, yọ 890 ti mítéènì kúrò, ó ku 76, gẹ́gẹ́ bí ọmọ náà ṣe kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwọn ti ka 286. Wọ́n wọ bàtà, ó di Ọjà Ọba.

“Bàbá, ẹ kú ọjà o. Ọmọ yín ló gbà á. Èmi ni mo ṣì í.”

“Ha, Mà! Nítorí ìṣirò lẹ ṣe wá?”

“Nítorí Rùkáyátù ni.” Wọ́n yíjú sí ọmọ náà. “Má bínú, ọmọ mi. Lọ́jọ́ Ajé, ìwọ lo máa dúró nídìí pátákó.”

Lọ́jọ́ Ajé náà, màmá jókòó síwájú pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, wọ́n ń da iṣẹ́ kọ. Rùkáyátù ti di olùkọ́ kẹ́mísírì báyìí.

Ogún ọdún ni màmá fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ìjọ wa. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ Ilu-Abo lọ́fẹ̀ẹ́, títí wọn kò fi ríran mọ́ ní 2023.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Èrèlé, 2025, wọ́n dágbére fáyé, ọwọ́ wọn wà nínú ọwọ́ Bàbá wa. Wọ́n fi Bàbá sáyé lọ, pẹ̀lú àwa ọmọ wọn, Leah, Oyèlékè àti Joy, àti ọmọ-ọmọ méje.

Nígbà tí a ka ìtàn yìí sétí Bàbá, wọ́n ní, “Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó máa ń rẹ́rìn-ín lójú oorun. Ọdún márùndínláàádọ́ta ni mo fi gbọ́ ọ.”

A ti kọ ọ́, Bàbá. Màmá wa, kí Olúwa tẹ́ ibùsùn tó rọ̀ fún yín. Ẹ sùn dáadáa o.